KÍKÁ, NÍNÀ ÀTI YÍYÍ: Oríkèé Ara Ènìyàn àti Èdè tí A Fi Ń Darí Rẹ̀

Nígbà tí ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ yìí kọ̀wé sí mi pé kí n wá fi èdè Yorùbá sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ tí mo ń ṣe, ẹ̀rù kọ́kọ́ bà mí. Iṣẹ́ físíótẹ́rápì ni iṣẹ́ mi. Èmi ni wọ́n máa ń fi ẹni tí apá rẹ̀ tàbí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti gan ránṣẹ́ sí, lẹ́yìn tí eegun tí ó dá bá ti jinná. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi kọ́ iṣẹ́ náà, ọ̀rọ̀ Látìn àti ti Gíríìkì ni ó sì kún inú ìwé rẹ̀. Ṣùgbọ́n èdè Yorùbá ni mo ti ń fi ṣe é fún ohun tí ó lé ní ọgbọ̀n ọdún, nítorí pé òun ni ọ̀pọ̀ àwọn tí ń wá sọ́dọ̀ mi gbọ́. Àṣìṣe tí ó sì dùn mí jù lọ nínú iṣẹ́ náà, èdè Yorùbá ni mo fi ṣe é. Òun ni mo fẹ́ kọ́kọ́ rò fún yín.

Ìyá kan wà, aláró ni, ó ti lé ní àádọ́ta ọdún. Ó ṣubú lórí àtẹ̀gùn, eegun ìgúnpá rẹ̀ ọ̀tún sì dá. Wọ́n fi P.O.P. dì í fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ní ilé-ìwòsàn kan. Nígbà tí wọ́n tú u, eegun ti jinná, ṣùgbọ́n apá kò nà mọ́. Ó ká sí iwájú àyà rẹ̀ bí apá ẹni tí ó gbé ọmọ tuntun dání. Nígbà tí mo fi irin ìwọn-igun wọ̀n ọ́n, ó ku 60 dígírì kí apá náà tó gún. Mo ṣe gbogbo ohun tí a máa ń ṣe fún irú rẹ̀, mo sì sọ fún un nígbà tí ó ń lọ pé, "Màmá, ní àárọ̀, ní ọ̀sán àti ní alẹ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ máa na ọwọ́ yín dáadáa, ní ogún ogún ìgbà." Ó ní òun gbọ́.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ó padà dé, inú rẹ̀ dùn, ó ní òun kò pa ọjọ́ kan jẹ. Mo ní kí ó fi bí ó ti ń ṣe é hàn mí. Ó nawọ́. Ó na ọwọ́ náà síwájú, ó nà án sókè bí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ tí ó mọ ìdáhùn tí olùkọ́ ń wá. Èjìká rẹ̀ ń yí geere bí ti ọmọdé, ṣùgbọ́n ìgúnpá kò kúrò níbi tí mo fi í sí rárá. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni ó fi tọ́jú èjìká tí kò ṣàìsàn. Ẹ̀bi náà kì í ṣe tirẹ̀. Ohun tí mo wí gan-an ni ó ṣe: ẹni tí a bá ní kí ó nawọ́, èjìká ni yóò fi nà án, ìgúnpá lè wà ní kíká tàbí kí ó gún, ọ̀rọ̀ náà kò bìkítà.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí ronú lórí ọ̀rọ̀ tí mo mú wá síwájú yín lónìí. Àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe tí Yorùbá fi ń sọ bí ara ṣe ń rìn pọ̀, wọ́n sì péye, ṣùgbọ́n ìṣe ni wọ́n ń dárúkọ, wọn kì í dárúkọ oríkèé. Ẹni tí kò bá mọ èyí, tí ó kàn ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ ìwé Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, yóò rán aláìsàn lọ síbi tí kò yẹ.

OHUN TÍ Ó WÀ NÍNÚ ORÍKÈÉ

Ibi tí eegun àti eegun bá ti pàdé ni oríkèé. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni ó ń rìn. Àwọn eegun agbárí so mọ́ ara wọn bí ìkòkò tí ó sán tí a tún fi nǹkan lẹ̀ pọ̀. Lọ́wọ́ àgbàlagbà, wọn kì í mira. Àwọn eegun ọ̀pá ẹ̀yìn ń rìn ní bín-ín-tín, ṣùgbọ́n bí gbogbo wọn bá da bín-ín-tín tiwọn pọ̀, tí ìbàdí sì ràn wọ́n lọ́wọ́, ènìyàn á bẹ̀rẹ̀, á fọwọ́ kan ilẹ̀. Àwọn oríkèé tí ń rìn dáadáa ni ọ̀rọ̀ mi dá lé: èjìká, ìgúnpá, ọrùn ọwọ́, ìbàdí, orúnkún, kókósẹ̀ àti ti àwọn ìka.

Nínú irú oríkèé bẹ́ẹ̀, eegun kì í fi ara kan eegun ní tààrà. Ohun kan tí ó funfun, tí ó ń dán, tí ó sì rọ̀ ju eegun lọ ni ó bo orí eegun kọ̀ọ̀kan. Gbogbo wa ni a ti rí i lórí eegun itan adìẹ. Òun ni àwọn ọmọdé fẹ́ràn láti máa rún lẹ́nu. Àpò kan yí oríkèé ká, omi díẹ̀ sì wà nínú àpò náà tí ó ń yọ̀ bí funfun ẹyin. Ẹ wá ṣe àkíyèsí kan: ohun funfun tí mo wí yìí kò ní iṣan ẹ̀jẹ̀ nínú. Ibi tí ẹ̀jẹ̀ kò dé, báwo ni oúnjẹ ṣe ń débẹ̀? Inú omi náà ni ó ti ń gbà á, bí kànìnkànìn ṣe ń gba omi ọṣẹ. Bí a bá tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, a fún un. Bí a bá gbé ẹsẹ̀ náà nílẹ̀, ó tún fà á mu. Oríkèé tí a kò bá lò kì í jẹun kánú. Nítorí náà ni ó fi jẹ́ pé bí a bá dì í pa pẹ́, kì í ṣe pé ó sinmi. Àpò tí ó yí i ká ń súnkì, iṣan ń kúrú, ohun funfun náà sì ń fẹ́lẹ́.

(Mo mọ̀ pé ẹnìkan yóò bi mí nípa ìka tí a máa ń fà kí ó dún. Ní ọdún 2015, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Alberta ní Kánádà fi ẹ̀rọ tí ń ya àwòrán inú ara wo oríkèé ìka nígbà tí wọ́n ń fà á. Wọ́n rí i pé bí oríkèé náà bá ti là, àyè kan tí gáàsì wà nínú rẹ̀ máa ń ṣí lójijì nínú omi náà. Eegun kò gbo ara wọn rárá.)

Iṣan ni ó ń gbé eegun rìn, iṣan kò sì mọ̀ ju fífà lọ. Kò sí iṣan kan nínú ara tí ó lè ti nǹkan. Nítorí èyí, ní ìhà méjì oríkèé ni wọ́n máa ń wà, bí àwọn lagilagi méjì tí ó di ayùn gígùn kan mú ní ìkángun méjèèjì: bí ọ̀kan bá ń fà, èkejì ní láti dẹwọ́. Iṣan iwájú apá, èyí tí àwọn ọ̀dọ́kùnrin máa ń wú fún ojú ayé rí, ni ó ń ká ìgúnpá. Ti ẹ̀yìn apá ni ó ń nà án. Bí iṣan iwájú kò bá gbà láti dẹwọ́, tí ẹ̀yìn ì báà lágbára bí erin, apá kò ní gún.

Borelli, ará Ítálì, ẹni tí ìwé rẹ̀ lórí ìrìn àwọn ẹ̀dá alààyè bẹ̀rẹ̀ sí jáde ní ọdún 1680, ni ó kọ́kọ́ fi ìṣirò fi hàn pé agbára tí iṣan ń lò ju ìwúwo ẹrù tí a gbé lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po. Ẹ jẹ́ kí a ṣe irú ìṣirò náà fún ara wa. Iṣan iwájú apá so mọ́ eegun ìsàlẹ̀ apá ní ibi tí ó fi nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 4 tàbí 5 jìnnà sí oríkèé ìgúnpá, ṣùgbọ́n ohun tí ó wà lọ́wọ́ wa fi nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 35 jìnnà sí i. Bí a bá ká ìgúnpá dé 90 dígírì, tí a gbé ẹrù kílò 5 dání, iṣan náà yóò fi agbára tí ó tó èyí tí yóò gbé nǹkan bí kílò 40 fà á, kí a má tilẹ̀ tíì ka ìwúwo apá fúnra rẹ̀. Ó dà bí àdánù, ṣùgbọ́n èrè wà níbẹ̀: iṣan á súnkì díẹ̀, ọwọ́ á sì rìn jìnnà. Ojú kejì ọ̀rọ̀ yìí ni ó kan àwọn aláìsàn mi. Bí iṣan tàbí àpò oríkèé bá fi díẹ̀ kúrú lẹ́yìn àìsàn, ọ̀nà jíjìn ni ọwọ́ á pàdánù.

Ìrísí oríkèé kọ̀ọ̀kan ni ó ń sọ ohun tí ó lè ṣe. Ìgúnpá ń ṣí, ó sì ń tì, bí ilẹ̀kùn lára òpó rẹ̀. Ìbàdí dà bí orí ọmọ odó nínú odó tí ó jin: ó ń lọ síwá sẹ́yìn, ó ń yí, ṣùgbọ́n kò rọrùn fún un láti yẹ̀. Ní ti èjìká, ẹ ronú nípa ọsàn tí a gbé lórí àwo kékeré tí kò jin. Ó lè yí síbi gbogbo, ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé nínú gbogbo oríkèé ńláńlá, òun ni ó ń yẹ̀ jù. Bí a bá sì gbé apá láti ẹ̀gbẹ́ títí ó fi nàró lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí, 180 dígírì ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọsàn náà nìkan ni ó rìn ín. Inman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn ní ọdún 1944 pé bí ọsàn bá rìn ìdá méjì, àwo fúnra rẹ̀, èyíinì ni eegun pẹlẹbẹ tí ó wà lẹ́yìn èjìká, á rìn ìdá kan.

Orúnkún ni ó yà mí lẹ́nu jù nínú gbogbo wọn. Ojú ni a fi ń wò ó bí ilẹ̀kùn, ṣùgbọ́n bí ẹsẹ̀ bá kù díẹ̀ kí ó gún tán, eegun ojúgun a yí síta díẹ̀ lábẹ́ eegun itan, oríkèé náà a sì há, bí ìgbà tí a yí kọ́kọ́rọ́. Ìdí nìyí tí a fi lè dúró pẹ́ láìjẹ́ pé iṣan itan ń rẹ̀ wá púpọ̀. Nígbà tí a bá fẹ́ kúnlẹ̀, iṣan kékeré kan tí ó wà ní ẹ̀yìn orúnkún ni ó kọ́kọ́ ń yí kọ́kọ́rọ́ náà padà.

ÌṢE TÍ YORÙBÁ Ń DÁRÚKỌ

Àwọn onímọ̀ ẹ̀yà ara ní ìdúró kan tí gbogbo ìwọ̀n ti ń bẹ̀rẹ̀: ènìyàn nàró ṣánṣán, apá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, àtẹ́lẹwọ́ kọjú síwájú. N kò tíì rí ẹni tí ó dúró bẹ́ẹ̀ rí àfi nínú ìwé. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti ní orúkọ fún kíká oríkèé àti nínà rẹ̀, fún gbígbé e kúrò ní àárín ara àti mímú un padà, fún yíyí i sínú àti yíyí i síta. Orúkọ kọ̀ọ̀kan dúró fún oríkèé kan àti ọ̀nà kan.

Ẹ wá wo tiwa. A ní kúnlẹ̀, lóṣòó, bẹ̀rẹ̀, nàró, nàgà, dọ̀bálẹ̀, tẹ́wọ́, káwọ́ lérí, káwọ́ sẹ́yìn, pọnmọ. Ibi tí ara yóò gúnlẹ̀ sí ni ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ń sọ. Ọ̀nà tí yóò gbà débẹ̀, ó fi í sílẹ̀ fún ara. Ẹni tí ó lóṣòó ti ká ìbàdí, ó ti ká orúnkún fẹ́rẹ̀ẹ́ dé òpin, ó sì ti ká kókósẹ̀ láìgbé gìgísẹ̀ nílẹ̀. Ẹni tí ó nàgà láti mú ohun tí ó wà lórí pẹpẹ ti na kókósẹ̀, ó ti na orúnkún, ó sì ti gbé èjìká dé òkè pátápátá. Nígbà tí mo wà ní ọ̀dọ́ nínú iṣẹ́ yìí, mo rò pé àbùkù èdè ni èyí. Ìwé kò kọ́ mi pé oríkèé kì í dá ṣiṣẹ́ nínú ayé ẹnikẹ́ni.

Ẹ mú tẹ́wọ́. Eegun méjì ni ó wà ní ìsàlẹ̀ apá, láàárín ìgúnpá àti ọrùn ọwọ́. Nígbà tí a bá tẹ́wọ́ láti gba nǹkan, àwọn méjèèjì dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Nígbà tí a bá da àtẹ́lẹwọ́ délẹ̀, ọ̀kan á gba orí èkejì kọjá. Èyí kò kan ìgúnpá kíká tàbí nínà rárá, ó sì máa ń ṣòro láti ṣàlàyé fún akẹ́kọ̀ọ́ tí ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n kò sí ọmọ Yorùbá kan tí ẹ óò ní kí ó tẹ́wọ́ tí yóò ṣì í ṣe.

Tàbí kí a mú èjìká. Ẹni tí ó bá lè káwọ́ lérí ti gbé apá kúrò lára, ó sì ti yí i síta. Ẹni tí ó bá lè gbé ọwọ́ lọ sẹ́yìn láti gbé ọmọ pọ̀n ti nà án sẹ́yìn, ó sì ti yí i sínú. Ìṣe méjèèjì yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ kárí ohun gbogbo tí èjìká lè ṣe. Nítorí náà, nígbà tí obìnrin kan bá wọlé tí ó ní èjìká ń dun òun, kí n tó mú irin ìwọn-igun rárá, mo máa ń ní kí ó fi bí ó ti ń wé gèlè àti bí ó ti ń pọnmọ hàn mí. Láàárín ìṣẹ́jú kan mo ti mọ ibi tí ọ̀nà ti dí. Èjìká tí ó gan kì í jẹ́ kí ènìyàn káwọ́ lérí, ọ̀fọ̀ tí ó ṣẹ̀ ẹ́ ì báà tóbi tó ilé.

ÌWỌ̀N TA NI A FI Ń WỌN ARA WA?

Ibi yìí ni ọ̀rọ̀ náà ti kúrò ní ti èdè nìkan. Ní ọdún 1981, Morrey àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Mayo Clinic ní Amẹ́ríkà tẹ ìwádìí kan jáde lórí ìgúnpá àwọn tí ara wọn dá. Wọ́n wọn ìgúnpá wọn bí wọ́n ti ń ṣe àwọn iṣẹ́ ojoojúmọ́, wọ́n sì rí i pé ọ̀pọ̀ iṣẹ́ náà kò gbà ju láti 30 dé 130 dígírì. Ìwádìí tí ó dára ni. Gbogbo ayé ni ó ń lò ó, èmi náà ń lò ó. Ṣùgbọ́n kí ni àwọn iṣẹ́ náà? Fífi fọ́ọ̀kì jẹun, dídá tẹlifóònù dúró létí, kíka ìwé ìròyìn, dídìde lórí àga àti irú wọn. Kò sí ọlọ níbẹ̀. Ẹni tí ó bá kúnlẹ̀ ti ọlọ, tí ó ń ti ọmọ ọlọ lọ síwájú, ìgúnpá rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ gún tán. Kò sí ìkòkò aró níbẹ̀ pẹ̀lú. Ìgúnpá tí ó ku 30 dígírì kí ó gún dára tó fún ẹni tí ń ka ìwé ìròyìn. Aláró á máa wo aṣọ rẹ̀ nísàlẹ̀ ìkòkò, ọwọ́ rẹ̀ kò sì ní tó o.

Ti orúnkún tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Orúnkún tí ó dá ṣáká ń ká dé nǹkan bí 140 dígírì. Ìrìn lásán kò gbà ju 60 sí 70 lọ. Dídìde lórí àga gbà tó 90 tàbí ju bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. Ṣùgbọ́n lílóṣòó kọjá 130, bẹ́ẹ̀ náà ni jíjókòó lórí gìgísẹ̀ láàárín ìforíkanlẹ̀ méjì nígbà ìrun. Ẹni tí a bá fi ìrìn nìkan wọ̀n lè yege lọ́dọ̀ wa, kí ó sì kùnà ní ilé, ní mọ́ṣáláṣí àti ní ọgbà ẹ̀yìnkùlé.

Ọmọbìnrin kan wà tí ọkọ̀ gbá, eegun itan rẹ̀ dá ní òkè orúnkún. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, orúnkún náà ń ká dé 75 dígírì, kò sì kọjá bẹ́ẹ̀. Ó ń rìn dáadáa, kò tiro. Wọ́n kọ sínú ìwé rẹ̀ pé àbájáde ìtọ́jú náà dára. Èmi pẹ̀lú fọwọ́ sí i. Ní ọjọ́ ìdáná rẹ̀, wọ́n ní kí ó wá kúnlẹ̀ kí baba rẹ̀ súre fún un. Kò lè kúnlẹ̀. Wọ́n gbé àga fún un lójú àwọn àna, àwọn tí kò mọ̀ nípa ìjàǹbá náà sì ń wo ara wọn lójú. Ní ọ̀sẹ̀ kejì ó gbé ìwé náà wá fún mi, ó fi ìka tọ́ ibi tí mo fọwọ́ sí, ó ní, "Dókítà, ta ni ó dára fún?" Èmi kì í ṣe dókítà, ṣùgbọ́n ọjọ́ náà kọ́ ni mo lè tún ìyẹn ṣe. Láti ìgbà náà, n kì í kọ ọ̀rọ̀ náà "ó dára" sínú ìwé ẹnikẹ́ni mọ́. Mo máa ń kọ ọ́ pé: ó ń rìn, ó ń gun àtẹ̀gùn, kò tíì lè kúnlẹ̀, kò tíì lè lóṣòó.

ÌKÌLỌ̀ KAN

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbọ́ ọ̀rọ̀ mi kí ó wá lọ fi ipá na oríkèé tí ó gan. Ìgúnpá pàápàá kò fẹ́ ipá. Bí a bá ń fà á tagbára-tagbára, tàbí tí a ń fi omi gbígbóná àti ìka lílágbára tẹ̀ ẹ́ ní kété tí ó ṣèṣe, eegun tuntun lè hù nínú iṣan iwájú apá, ohun tí ó jẹ́ gígan lásán á sì di ìlẹ̀kùn tí a kàn ní ìṣó. Aláìsàn fúnra rẹ̀ ni kí ó máa na oríkèé rẹ̀, ní díẹ̀díẹ̀, lọ́pọ̀ ìgbà lóòjọ́.

Bẹ́ẹ̀ náà ni dídì tí ó le jù. Volkmann, oníṣègùn ará Jámánì, ṣàlàyé ní ọdún 1881 ohun tí ń ṣẹlẹ̀ bí a bá di apá tí ó dá le tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ kò fi rí ọ̀nà kọjá: iṣan á kú, á súnkì, ọwọ́ àti ìka á sì ká kò bí èékánná àṣá. Mo ti rí i lára ẹni tí àwọn tí ń to eegun fi pákó oparun dì, mo sì ti rí i lára ẹni tí wọ́n fi P.O.P. dì ní ilé-ìwòsàn. Ọwọ́ méjèèjì kò yàtọ̀ síra. N kò sí lára àwọn tí ń fi gbogbo àwọn tí ń to eegun ṣẹ̀sín. Mo ti rí lára wọn tí kì í di oríkèé pa mọ́ eegun tí ó dá, tí wọ́n ń jẹ́ kí aláìsàn máa ká ìka àti ọrùn ọwọ́ láti ọjọ́ kìíní, èyí sì sàn ju ohun tí mo rí ní àwọn ibòmíràn tí wọ́n ti kọ́ ẹ̀kọ́ púpọ̀. Ṣùgbọ́n ìka tí ó bá ń tutù, tí ó ń dúdú, tàbí tí kò mọ̀ bí a bá fọwọ́ kàn án, ohun tí a fi dì í ni kí a tú lójú ẹsẹ̀, ẹni yòówù tí ì báà dì í.

ÈDÈ WO NI KÍ A WÁ LÒ?

Mo mọ ibi tí mo dúró sí, mo sì mọ̀ pé àwọn onímọ̀ èdè ni ó pọ̀ jù nínú yín. Ètò Ifẹ̀ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Fáfúnwá darí láti ọdún 1970 ti fi hàn pé a lè fi Yorùbá kọ́ ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì. Ní ọdún 1984, Ọ̀jọ̀gbọ́n Bámgbóṣé ṣe olóòtú ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá fún àwọn tí ń kọ́ èdè àti lítíréṣọ̀. Ó yẹ kí irú rẹ̀ wà fún ẹ̀yà ara, ẹ̀yin ni ẹ sì lè ṣe é. Fún ìwé ẹ̀kọ́, mo fara mọ́ ọn pé kí a máa wí pé kíká ìgúnpá, nínà ìgúnpá, yíyí itan sínú, yíyí itan síta, kí orúkọ oríkèé máa wà níbẹ̀ nígbà gbogbo.

Ṣùgbọ́n mo gbìyànjú rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́, kò rìn. Mo sọ fún ọmọ ọdún méje kan pé, "Na ìgúnpá rẹ." Ó wò mí, ó ní kí ni ìgúnpá òun ṣe tí òun yóò fi nà án. Ìyá rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ọmọ náà kò jẹ̀bi. Bí a ti ń na okùn ni a ń na olè. Láti ìgbà náà ni mo ti pinnu pé fún aláìsàn, ìṣe ni n ó máa lò, pẹ̀lú ohun tí ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ yóò kàn. N kì í ní kí ènìyàn na orúnkún mọ́. Mo máa ń ní kí ó jókòó sórí ẹní, kí ó na ẹsẹ̀ síwájú, kí ó sì fi ẹ̀yìn orúnkún tẹ ẹní náà mọ́lẹ̀. Bí ẹ̀yìn orúnkún bá ti kan ẹní, ọ̀rọ̀ parí.

Bí mo ti ṣe fún ìyá aláró náà nìyí, nígbà tí mo ti rí àṣìṣe mi. Mo bi í léèrè ohun tí kò lè ṣe nínú iṣẹ́ rẹ̀. Ó ní aṣọ tí ó bá rì sí ìsàlẹ̀ ìkòkò, òun kò lè fọwọ́ mú un mọ́, ọmọ òun ni ó ń bá òun mú un. Mo ní, "Ẹ gbàgbé ohun tí mo sọ níjọ́sí. Ẹ máa fi ọwọ́ wá ìsàlẹ̀ ìkòkò yín, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá láàárọ̀, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá nírọ̀lẹ́. Bí ó bá ro yín, ẹ dúró níbẹ̀ kí ẹ mí, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá yín fà á." Ó ní ìyẹn ni kí n ti wí tẹ́lẹ̀.

N kò nílò irin ìwọn-igun fún un púpọ̀ lẹ́yìn èyí. Aró ni ó ń wọ̀n ọ́n. Nígbà tí ó kọ́kọ́ padà wá, ojú ibi tí aró dé lára apá rẹ̀ kò ju àárín ìsàlẹ̀ apá lọ. Bí ọ̀sẹ̀ ti ń gorí ọ̀sẹ̀, aró ń gòkè. Nígbà tí ó di ọ̀sẹ̀ kẹwàá, ó ti fi ìbú ìka mẹ́rin kọjá ìgúnpá, mo sì wọ̀n ọ́n, ó ku 15 dígírì. 15 náà kò padà mọ́, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo gbà lọ́wọ́ rẹ̀ sì wà lára ìdí rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ kò kà á sí. Ó ní lóòótọ́, ọwọ́ àgbàlagbà kì í wọ kèrègbè, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó sọ pé kó má wọ ìkòkò aró.

Ohun kan kù tí mo fẹ́ gbà lọ́wọ́ yín kí n tó jókòó. Lára àwọn tí ó ní àìsàn fòníkú-fọ̀ládìde, ẹ̀jẹ̀ lè má rí ọ̀nà dé orí eegun itan, kí orí eegun náà sì kú, kí ó wó. Lára ìrìn tí ìbàdí kọ́kọ́ ń pàdánù ni yíyí itan sínú: bí ènìyàn bá jókòó sórí àga, tí orúnkún rẹ̀ méjèèjì wà papọ̀, tí ó wá ya ẹsẹ̀ ìsàlẹ̀ sí ọ̀tún àti òsì láìjẹ́ kí orúnkún kúrò lójú kan. Bí àwọn òbí bá lè máa wo èyí lára ọmọ wọn nílé, wọn yóò gbé e wá kí orí eegun tó wó tán. Mo ní ìṣe fún ìgúnpá, mo ní fún èjìká àti fún orúnkún. Fún èyí, ìṣe kan tí gbogbo ilé mọ̀, tí mo lè fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo pè, ni mo ṣì ń wá. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá ní i, láti Èkìtì ni o, láti Ọ̀yọ́ tàbí láti Kétu, kí ó jọ̀wọ́ sọ ọ́ fún mi kí a tó tú ká. Mo ti mú ìwé àti gègé wá.